Lẹ́tà Tí Kò Bá Ẹni Tí Ó Ni Ín Nílé: Ta Ni Yóò San Owó Ẹsẹ̀ Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí kò ṣòwò rí, ṣùgbọ́n tí ó ń jẹ owó àwọn oníṣòwò wa bí ikán ti ń jẹ igi àjà, láìsí ariwo. Ọ̀rọ̀ náà ni ti lẹ́tà iṣẹ́ tí a kọ, tí a lẹ sítáǹpù mọ́, tí a sì fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n tí kò bá ẹni tí ó ni ín nílé. Ẹni náà ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tàbí wọ́n ti ti àpótí rẹ̀ pa ní ilé ìfìwéránṣẹ́, tàbí ọ̀gá tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn lẹ́tà ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Lẹ́tà náà yóò wá máa rìn kiri. Wọn yóò darí rẹ̀ sí àdírẹ́sì mìíràn, tàbí kí wọn dá a padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kọ ọ́, tàbí kí ó máa gbé inú àpò kan títí eruku yóò fi bò ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé owó sítáǹpù tí a ti san ní ìbẹ̀rẹ̀ tó fún gbogbo ìrìnàjò wọ̀nyí. Kò tó. Ẹnìkan ń san ìyókù. Ẹni náà ni mo fẹ́ kí á jọ wá rí lónìí, nítorí ó dá mi lójú pé kì í ṣe ẹni tí ó jẹ gbèsè náà ni ó ń san án.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Nígbà tí àrokò ṣì jẹ́ lẹ́tà láàrin àwa Yorùbá, oníṣẹ́ tí kò bá ẹni tí a rán an sí nílé kò ní gbé àrokò náà lé ẹni tí ó kọ́kọ́ pàdé lọ́nà lọ́wọ́, kí ó sì wí pé òun ti jẹ́ iṣẹ́. Yóò gbé e padà ni, yóò sì ròyìn fún ẹni tí ó rán an pé, “N kò bá a. Wọ́n ní ó ti kó lọ sí oko.” Ìdí nìyí tí èrò mi nínú ọ̀rọ̀ yìí kò fi ní ẹ̀kọ̀rọ̀ nínú: ẹni tí ó ránṣẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ dáhùn fún iṣẹ́ tí kò dé, àfi bí a bá lè fi hàn pé ẹni tí a ránṣẹ́ sí ni ó fi ara rẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń rí ni pé ẹni kẹta, tí kò ránṣẹ́, tí a kò sì ránṣẹ́ sí, ni ẹrù náà ń wọ̀ lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí á fi Kaneshie níhìn-ín ní Akra ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni mo ń gbé, ibẹ̀ ni mo sì ti ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ tí ó mú kí ọ̀pọ̀ lẹ́tà oníṣòwò gba ọwọ́ mi kọjá. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ti 22 June 1939 tí ó wó ọ̀pọ̀ ilé ní Akra, Kaneshie wà lára àwọn àdúgbò tí ìjọba kọ́ ilé sí fún àwọn tí ilé wọn wó. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n kọ́ ọjà ńlá alájà púpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ó lọ sí Winneba. Láti ìgbà náà ni ọjà yìí ti ń fa ṣọ́ọ̀bù, ilé ìkẹ́rù àti ibùdókọ̀ mọ́ra bí oyin ti ń fa èèrà. Bí ẹ bá béèrè ṣọ́ọ̀bù kan lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ àdúgbò náà dáadáa, kò ní sọ nọ́ńbà ilé fún yín. Yóò ní kí ẹ kọjá ibi tí ọkọ̀ Odorkor ti ń gbé èrò, kí ẹ yà sí ọ̀tún lọ́dọ̀ obìnrin tí ń ta kẹ́ńkẹ́, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ télọ̀ tí ẹ bá kọ́kọ́ rí. Ẹni tí ó ní ẹsẹ̀ àti ẹnu yóò débẹ̀. Lẹ́tà kò ní ẹsẹ̀, kò sì ní ẹnu.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ gba lẹ́tà ní Gánà ní láti yá àpótí ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Bí ẹ bá rí KN níwájú nọ́ńbà àpótí, Kaneshie ni. AN ni Accra North, KB sì ni Korle Bu. Ọdọọdún ni a ń san owó àpótí, bí a kò bá sì san án, wọn yóò tì í pa. Kì í ṣe gbogbo oníṣòwò ni ó ní agbára láti yá tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo àwọn tí ó ní agbára ni ó rò pé ó yẹ. Báyìí ni àpótí kan ṣoṣo ṣe ń di ti ènìyàn mẹ́wàá. Onílé yá a; ó fún ayálégbé rẹ̀ láyè láti máa lò ó; ayálégbé fún àbúrò rẹ̀ tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀; àbúrò tẹ̀ ẹ́ sí orí ìwé ilé-iṣẹ́ rẹ̀; ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tún kọ ọ́ sí orí ìwé ìpàdé wọn. Gbogbo wọn ń kọ “nípasẹ̀ Alàgbà Lágbájá”. Lọ́jọ́ tí Alàgbà bá gbàgbé láti san owó ọdún kan, tàbí tí ó bá bínú, tàbí tí ọlọ́jọ́ bá dé, ènìyàn mẹ́wàá ni yóò di ẹni tí a kò mọ̀ mọ́.

Mo mọ irú Alàgbà bẹ́ẹ̀ kan, ẹni tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ó ń wọ ọkọ̀ lọ ṣí àpótí rẹ̀, tí ó ń kó lẹ́tà àwọn ẹlòmíràn bọ̀, tí ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ káàkiri ọjà. Lára lẹ́tà wọ̀nyí ni ti àwọn tí ó ti kó lọ sí Kumasi, ti àwọn tí ó ti padà sí Òfà, àti ti àwọn tí òun fúnra rẹ̀ kò dá ojú wọn mọ̀ mọ́. Nígbà tí mo kí i pé ó kú iṣẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àbúrò mi, wọn kò gbà mí síṣẹ́ lẹ́tà, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń pín in.” Owó ọkọ̀ rẹ̀, àkókò rẹ̀, owó àpótí tí òun nìkan ń san: èyí ni apá kan owó lẹ́tà tí ó ṣìnà, kò sì sí ibi tí a kọ ọ́ sí nínú ìwé ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ kankan.

Apá kejì wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ bá mi ka iye ọwọ́ tí lẹ́tà ń gbà kọjá. Lẹ́tà tí àdírẹ́sì rẹ̀ pé yóò jáde láti inú àpò, akọ̀wé kan yóò ṣà á sí ìdí àwọn nọ́ńbà tí ó bá a mu, yóò sì bọ́ sínú àpótí. Ó parí. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ó ṣìnà yóò kọ́kọ́ bọ́ sínú àpótí ẹni ẹlẹ́ni. Ẹni náà yóò mú un padà sí káńtà bí ó bá jẹ́ olóòótọ́. Akọ̀wé yóò yẹ orúkọ wò nínú ìwé àwọn alápòótí, kò ní rí i, yóò bi ẹnìkejì rẹ̀ léèrè, yóò kọ ìdí tí lẹ́tà kò fi rí ẹni gbà á, yóò tẹ òǹtẹ̀ lé e, yóò sì sọ ọ́ sínú àpò tí ó ń padà. Ní ibi tí ó ti wá, wọn yóò tún ṣà á gẹ́gẹ́ bí ẹni pé lẹ́tà titun ni. Bí ó bá wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kọ ọ́, akọ̀wé ibẹ̀ yóò tú u, yóò wá fáìlì oníbàárà náà, yóò wá àdírẹ́sì mìíràn, yóò tẹ lẹ́tà mìíràn, yóò sì ra sítáǹpù mìíràn. Ọwọ́ mẹ́ta di ọwọ́ mẹ́wàá, síbẹ̀ iye sítáǹpù ti àkọ́kọ́ kò yí padà. Níbo ni ilé ìfìwéránṣẹ́ yóò ti rí ìyàtọ̀ náà? Lára owó sítáǹpù tí èmi àti ẹ̀yin ń rà ni. Opó tí ó fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ń bá ilé-iṣẹ́ ńlá tí kò tún ìwé orúkọ oníbàárà rẹ̀ ṣe san gbèsè.

Apá kẹta ni ó burú jù, òun ni ó sì mú mi kọ ìwé yìí. Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Kaneshie mú lẹ́tà kan wá pé kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń yáni lówó, tí n kò ní dárúkọ, ni ó kọ ọ́. Gbèsè tí ó kù nílẹ̀ kò pọ̀, Ìyá sì mọ̀ nípa rẹ̀. Ohun tí ó yà á lẹ́nu ni ìlà mẹ́ta tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

“Ọmọ mi, owó kí ni èyí?”

“Ìyá, wọ́n ní owó lẹ́tà ìrántí ni. Wọ́n ní àwọn ti kọ̀wé sí yín lẹ́ẹ̀mẹta.”

“Lẹ́tà wo? Èyí ni àkọ́kọ́ tí ojú mi rí!”

Òtítọ́ ni ó sọ. Mo wo àdírẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ sókè lẹ́tà náà: ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ rẹ̀ ní Bubuashie ni, ibi tí ó ti kó kúrò. Àwọn mẹ́ta ti àkọ́kọ́ ti lọ síbẹ̀, a kò sì mọ ibi tí wọ́n gbà. Ìkẹrin yìí dé nítorí pé ọmọdé kan ní Bubuashie mọ̀ ọ́n, ó sì fẹsẹ̀ rìn mú un wá. Ilé-iṣẹ́ yìí ń béèrè owó fún lẹ́tà tí kò jẹ́ fún ẹni tí a kọ ọ́ sí. Èwo ni tiwa nínú èyí? Bí mo bá rán ọmọ níṣẹ́ sí yín, tí ọmọ náà sì sùn sí ojú ọ̀nà, ṣé ẹ̀yin ni ẹ ó san owó oúnjẹ rẹ̀?

Àwọn kan yóò wí pé Ìyá ni ó jẹ̀bi nítorí pé kò sọ fún wọn pé òun ti kó. Ó sọ fún wọn. Ó sọ ọ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń wá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù titun náà gan-an. Ẹni tí ń gba owó mọ ibi tí ó wà. Ẹ̀rọ tí ń tẹ lẹ́tà ni kò mọ̀. Bí òfin bá sì dé inú ọ̀rọ̀, ó lè dojú kọ irú Ìyá bẹ́ẹ̀. Òfin kan wà tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1889, èyí tí irú rẹ̀ wà ní abala 26 nínú Òfin Ìtumọ̀ Òfin ti Nàìjíríà. Ó wí pé níbi tí òfin bá ti gbà kí a fi ìwé jíṣẹ́ nípa ìfìwéránṣẹ́, bí a bá ti kọ àdírẹ́sì bí ó ti yẹ, tí a san owó rẹ̀, tí a sì fi í ránṣẹ́, a ó kà á sí pé ó ti dé, àfi bí a bá fi ẹ̀rí hàn pé kò dé. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà “bí ó ti yẹ”. Ẹni tí kò bá mọ ìwé kò ní mọ̀ pé gbólóhùn kékeré yìí ni ó lè gbà á sílẹ̀, àti pé òun ni a ń retí kí ó mú ẹ̀rí wá.

A kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ titun. Kí ọdún 1840 tó dé, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó gba lẹ́tà ni ó sábà máa ń san owó rẹ̀. Bí ó bá wo owó náà, tí ó sì kọ̀ láti gba lẹ́tà, gbogbo ìrìnàjò náà di òfo. Rowland Hill ni ó kọ ìwé ní ọdún 1837 láti fi hàn pé gbígbé lẹ́tà láti ìlú dé ìlú kọ́ ni ó ń náni lówó jù, bí kò ṣe iye ọwọ́ tí ó ń gbà kọjá àti wàhálà gbígba owó ní ẹnu ọ̀nà. Láti inú èrò rẹ̀ ni sítáǹpù ti wá, tí ẹni tí ń ránṣẹ́ fi ń san owó kí iṣẹ́ tó gbéra. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Bern ní ọdún 1874 láti dá ẹgbẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé sílẹ̀, wọ́n gbà pé ọ̀nà kan náà ni lẹ́tà yóò máa gbà rìn káàkiri ayé. Gánà wọ ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1957, Nàìjíríà wọ̀ ọ́ ní ọdún 1961.

Ẹgbẹ́ náà ní ìwé pélébé kan tí wọ́n ń pè ní CN 15, tí a ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà tí ó ń padà sí òkè òkun. Èdè Faransé ni a fi kọ àwọn ìdí tí ó wà lórí rẹ̀, àwọn tí ó sì kàn wá jù nínú wọn, bí mo bá túmọ̀ wọn, ni ìwọ̀nyí: a kò mọ̀ ọ́n, ó kọ̀ ọ́, ó ti ṣí lọ, kò wá gbà á, àdírẹ́sì kò tó. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀, mo fẹ́ràn ìwé pélébé yìí púpọ̀, nítorí pé ìdájọ́ ti wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. Bí àdírẹ́sì kò bá tó, ta ni ó kọ ọ́? Olùránṣẹ́ ni. Bí ẹni náà bá ti ṣí lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀bi rẹ̀ ni. Bí kò bá wá gba lẹ́tà tí a ti sọ fún un pé ó wà nílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a ṣe àwáwí. Ìdí kọ̀ọ̀kan tọ́ka sí ẹni tí ó yẹ kí ó sanwó. Ṣùgbọ́n mo ti rí lẹ́tà tí ó padà láti ilé ìfìwéránṣẹ́ kan, tí n kò ní dárúkọ, tí a kò fa igi sí ọ̀kankan nínú àwọn ìdí wọ̀nyí. Òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ni ó wà lórí rẹ̀, ó sì ti parẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè ka ọjọ́ rẹ̀. Lẹ́tà tí ó padà láìsí ìdí dàbí oníṣẹ́ tí ó padà tí ó sì ya odi.

Àwọn tí ọjà wọn tóbi jù tiwa lọ ti ka iye tí èyí ń ná wọn. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún ìṣúná 2013 nìkan, lẹ́tà àti ìwé tí kò lè dé ibi tí a kọ sí wọn lé ní 6 bílíọ̀nù, àbójútó wọn sì ná ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ohun tí ó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Wọn kò dákẹ́ sí i. Ẹni tí ó bá ń fi lẹ́tà púpọ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó sì fẹ́ ẹ̀dínwó, gbọ́dọ̀ ti fi ìwé orúkọ rẹ̀ wé ti àwọn tí ó ṣí ilé láàrin ọjọ́ 95 ṣáájú ọjọ́ tí ó fi wọ́n ránṣẹ́. Ní ti lẹ́tà ìpolówó ọjà, ẹni tí ó bá ní kí a wá oníbàárà náà lẹ́yìn dé ibòmíràn, tí a kò sì rí i, òun ni yóò san owó ìpadàbọ̀ rẹ̀; òfin wọn sì ti ṣírò rẹ̀ sí owó lẹ́tà kíláàsì kìíní lọ́nà 2.472. Ẹ wo bí wọ́n ti ka á dé ìdá ẹgbẹ̀rún! Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà: ẹni tí ń ṣí ni ó ń san owó kí Royal Mail lè máa darí lẹ́tà rẹ̀ sí ilé titun fún iye oṣù tí ó bá yàn. Èmi kò wí pé kí á gbé ọ̀kan nínú méjèèjì bí ó ti wà. Ohun tí mo rí ni pé ní ibi méjèèjì, ẹnìkan pàtó ni a dárúkọ pé kí ó sanwó, a sì sọ iye rẹ̀ fún un ṣáájú.

A ti ń ṣe irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún ẹrù. Ẹni tí ó bá ń fi ẹrù ránṣẹ́ láti Akra sí Èkó tàbí London yóò fa igi sórí ìwé ẹrù láti sọ bí a ó ti ṣe é bí kò bá rí ẹni gbà á: kí a dá a padà, tàbí kí a kà á sí ohun tí a ti fi sílẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá yàn kí ó padà, owó ìpadàbọ̀ lè kàn òun. Èéṣe tí ilé-iṣẹ́ tí ń fi ẹgbẹ̀rún lẹ́tà ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan kò fi ní yan tirẹ̀ bákan náà?

Ní October ọdún 2017, ìjọba Gánà gbé ètò àdírẹ́sì GhanaPostGPS kalẹ̀. Wọ́n pín gbogbo ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà sí ìpín kéékèèké, mítà márùn-ún níbùú àti mítà márùn-ún lóròó, wọ́n sì fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà àti nọ́ńbà tirẹ̀. Ohun rere ni, èmi kò sì sí lára àwọn tí ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ọkọ̀ aláìsàn lè fi í wá ilé, ọlọ́kadà tí ń gbé ọjà fúnni lè fi í wá ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí ó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ó ń sọ fún wa ibi tí ilẹ̀ wà. Kò sọ ẹni tí ń gbé orí rẹ̀. Ilé kì í ṣí, ènìyàn ni ó ń ṣí. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù Bubuashie yẹn pé pérépéré títí di òní, bí ẹ bá sì tọ̀ ọ́ lọ, ẹ ó bá ẹni tí ń tún fóònù ṣe níbẹ̀.

Àwa Yorùbá ní Gánà ni ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ ṣíṣí yìí yé jù. Ní 18 November 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde. Àwọn oníṣòwò wa tí ó ti wà ní Akra, ní Kumasi àti ní Tamale láti ọjọ́ pípẹ́ di ẹrù wọn. Ní January ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà bákan náà, wọ́n sì fi àpò Ghana Must Go kó ẹrù wọn. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ ìtàn ọjà tí a fi sílẹ̀ àti ilé tí a tà ní ọ̀pọ̀. Àwọn díẹ̀ ni ó ronú nípa àdírẹ́sì. Ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tí ìwé gbèsè rẹ̀, ìwé ẹrù rẹ̀ àti ìwé báńkì rẹ̀ ń bọ̀ lójú ọ̀nà di ẹni tí ó ti ṣí lọ láìfi àdírẹ́sì sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè wí pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi lẹ́tà tí kò gbà. Ìdí nìyí tí mo fi wí pé “àfi bí ó bá fi ara rẹ̀ pamọ́”. Ẹni tí wọ́n lé kò fi ara rẹ̀ pamọ́.

Mo ti ń gbọ́ èsì àwọn ọ̀dọ́: “Ẹ̀gbọ́n, ta ni ń kọ lẹ́tà mọ́? Fóònù ni gbogbo nǹkan.” Òótọ́ ni pé lẹ́tà ti dín kù. Ṣùgbọ́n ìwé ẹjọ́, ìwé owó orí, ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìkìlọ̀ báńkì, àwọn tí ó lè gba ilé lọ́wọ́ ènìyàn, ni wọ́n ṣì ń bọ̀ lórí ìwé. Fóònù pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ àrùn kan náà. Nọ́ńbà tí a kò bá lò fún ìgbà pípẹ́, ilé-iṣẹ́ fóònù lè gbà á padà, kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ó rà á yóò wá máa gba ìkìlọ̀ gbèsè tí kò jẹ. Mo mọ ọkùnrin kan tí ó ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìdílé ẹni tí ó ni nọ́ńbà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí kan ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Kí ni a ń fẹ́, nígbà náà? A ń fẹ́ kí Ghana Post má ṣe dá lẹ́tà kankan padà láìkọ ìdí rẹ̀ ní kedere pẹ̀lú ọjọ́ tí a lè kà, nítorí pé ìwé ẹ̀rí ni fún ẹni tí yóò dúró níwájú adájọ́. A ń fẹ́ kí ẹ̀dínwó tí àwọn olùránṣẹ́ ńlá bá ń gbà wà lábẹ́ àdéhùn pé wọn yóò tún ìwé orúkọ wọn ṣe, kí wọ́n sì san owó ìpadàbọ̀ lẹ́tà tí ẹ̀bi rẹ̀ jẹ́ tiwọn. Bí ẹ̀bi bá wá ń di ìnáwó, ẹ ó rí i bí àwọn akọ̀wé wọn yóò ti yára tó láti gbọ́ pé Ìyá aláṣọ ti kó kúrò ní Bubuashie. Ní ti owó lẹ́tà ìrántí, ó yẹ kí àwọn tí ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ ayánilówó fòfin dè é pátápátá níbi tí lẹ́tà náà bá ti padà tàbí tí a kọ ọ́ sí àdírẹ́sì tí oníbàárà ti fi sílẹ̀. Kò sí ọ̀nà àárín nínú èyí. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, tí ó sì fẹ́ kí lẹ́tà máa tẹ̀lé òun fún oṣù mẹ́fà, lè san owó díẹ̀ fún un, kí iye náà wà ní ara ògiri ilé ìfìwéránṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn láti kà.

Àwa náà ní tiwa. Ẹni tí ó bá kó, kí ó fi ìwé sọ ọ́; ọ̀rọ̀ ẹnu tí a sọ fún agbowó kì í dé inú fáìlì. Kí ó mú ẹ̀dà ìwé náà dání, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ilé-iṣẹ́ tí a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 2019, nọ́ńbà 992, kò gbọdọ̀ gbàgbé láti sọ fún ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹni tí ó bá fẹ́ pè é lẹ́jọ́ yóò kọ́kọ́ wò. Kí á sì máa kọ orúkọ àti àdírẹ́sì wa sí ẹ̀yìn àpò lẹ́tà. Iye lẹ́tà tí àwọn ènìyàn wa fi ń ránṣẹ́ láìkọ ọ́ pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Ní ti àwọn tí ń jọ lo àpótí kan, bí ọdún bá yí, tí àkókò owó àpótí sì tó, kí ẹni mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dá owó náà jọ, kí wọ́n sì kọ orúkọ ara wọn sínú ìwé kan fún Alàgbà, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àti ibi tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan wà. Ẹni tí ó bá ti kó lọ sí Kumasi, kí ó rán owó ọkọ̀ sí i fún ọjọ́ Ẹtì tí ó bá lọ gba lẹ́tà rẹ̀, tàbí kí ó ní kí wọ́n pa orúkọ òun rẹ́.